Ẹni tó Kọ́kọ́ Nawọ́ sí Omi: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Irun Kan ní Àkúrẹ́

Oníbàárà tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ obìnrin ẹni ọdún 34 tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́. Ó jáwọ́ nínú rilásà ní ọdún 2021. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ó gé gbogbo irun tí rilásà ti kàn kúrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú irun àdánidá tirẹ̀, irun tó ká wínníwínní bíi sípíríǹgì inú bírò. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 2024, nínú ọyẹ́, irun ìpàkọ́ rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 17 bí a bá fà á tọ́. Ti àtàrí kò ju 6 lọ. Ẹ̀bátí rẹ̀ méjèèjì ń fẹ́lẹ́, ìléròrò kéékèèké sì máa ń yọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì tó bá dirí.

Ohun tó kọ́kọ́ rò ni pé irun òun kì í hù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ìṣirò kékeré sì ti tó láti fi já a. Irun orí ń hù tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Oṣù 22 ló wà láàárín ọjọ́ tó gé irun àti ọjọ́ tí wọ́n wọn irun náà. Ìpàkọ́ tó wà ní 17 fi hàn pé gbòǹgbò ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àtàrí náà ń hù, àmọ́ bó ṣe ń hù nísàlẹ̀ ni ṣóńṣó rẹ̀ ń já lókè.

Èdè wa ti pín ọ̀rọ̀ yìí sí méjì tipẹ́: irun a máa re, irun a sì máa já. Irun tó re parí àsìkò rẹ̀ ni, ó fà tu pẹ̀lú gbòǹgbò. Bí a bá tẹ́ ẹ sórí aṣọ, a ó rí kókó funfun kékeré ní ìdí rẹ̀, irun náà yóò sì gùn bíi ti ibi tó ti wá. Láti 50 sí 100 irú rẹ̀ ló ń kúrò lórí èèyàn lójúmọ́, kò sì ní àìsàn nínú. Irun tó já kò ní kókó kankan, ó kúrú, orí àti ìdí rẹ̀ kì í yàtọ̀ síra. Wọ́n ní kí oníbàárà yìí kó gbogbo irun tó bá bọ́ sórí òòyà fún ọjọ́ mẹ́ta sínú aṣọ funfun kan. Púpọ̀ nínú wọn kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3, wọn kò sì ní kókó. Ọwọ́ èèyàn ló ń ṣe é.

(Bó bá jẹ́ pé èyí tó ní kókó ló pọ̀ jù ni, ibòmíràn là bá wò: ṣé ó bímọ láàárín oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ṣé ibà líle ṣe é, ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré? Bí orí bá sì pá ní róbótó, tí ojú ibẹ̀ ń ṣí bí ìpẹ́, làpálàpá ni ká fura sí. Ilé ìwòsàn nìyẹn, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù onídìrí.)

Àyẹ̀wò kejì kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ mú irun kan tó re, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ wá fà á díẹ̀díẹ̀ láàárín ìka. Irun tó le koko yóò nà tó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá gígùn rẹ̀, yóò sì padà. Èyí tó ń nà láìpadà, tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, ti pàdánù èròjà tó mú un dúró. Èyí tó já pàù láìtíì nà rárá ti gbẹ. Ti oníbàárà yìí já pàù.

Ìtàn irun náà kò ṣòro láti tò. Lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó súnmọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n á fi dráyà eléyín òòyà gba irun náà ní gbígbẹ, láti gbòǹgbò wá sí ṣóńṣó, wọ́n á wá fi àtáṣìmẹ́ǹtì dì í mọ́rí pinpin. Nílé, ọṣẹ dúdú ló fi ń fọ orí lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, òrí ló sì fi ń pa irun gbígbẹ. Àtàrí ni dráyà máa ń pẹ́ lé jù, torí ibẹ̀ ni irun ti ta kókó jù. Ẹ̀bátí ni ìdirí máa ń fà jù. Ibi méjèèjì tó ń dùn ún gan-an nìyẹn.

Ìdí tí irun yìí fi fẹ́ ọwọ́ tirẹ̀

Irun tó tọ́ rí róbótó bí a bá gé e wò nínú awò asọǹkandi-ńlá. Irun kíká rí pẹlẹbẹ bí ẹyin tí a tẹ̀ díẹ̀, gbogbo ibi tó bá sì ti ṣẹ́ kọ́rọ́ ni ibi tó lè ti já. Òróró tí awọ orí ń tú jáde máa ń rìn lórí irun tó tọ́ títí dé ṣóńṣó. Lórí irun kíká, kì í rìn jìnnà kí ó tó há sí kọ́rọ́ kìíní tàbí ìkejì. Ìdí rèé tí awọ orí èèyàn kan náà fi lè ní òróró tí ṣóńṣó irun rẹ̀ sì gbẹ bí koríko ọyẹ́.

Omi ni oògùn rẹ̀. Ó máa ń tú àwọn ìdè kéékèèké inú irun fún ìgbà díẹ̀, irun á rọ̀, á sì gbà kí a nà án. Bó bá ti ń gbẹ, ìdè náà á tún padà so ní bí ó bá ṣe wà. Ohun tó ń mú kí irun tí a kó lówùú nígbà tó tutù dúró ní títọ́ títí omi mìíràn yóò fi kàn án nìyẹn. Rilásà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdè ńlá, èyí tí imí-ọjọ́ inú irun so, ni ó ń já, kò sì sí ohun tó ń so ó padà. Iná tó bá gbóná ju ìwọ̀n lọ náà lè ba kíká irun jẹ́ pátápátá: áyọ́ọ̀nù tó bá ti kọjá 180 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì lórí irun kíká tó tẹ́ẹ́rẹ́, ewu ni.

Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa bi ara wọn bóyá 4A ni irun àwọn tàbí 4C, ìyẹn nọ́ńbà àti lẹ́tà tí wọ́n fi ń sọ bí irun ṣe ká tó. Andre Walker, aṣerun-lóge ará Amẹ́ríkà tó ṣe irun Oprah Winfrey fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló gbé ètò onínọ́ńbà náà kalẹ̀. Àwọn mìíràn ló fi 4C kún un lẹ́yìn rẹ̀. Ó dára láti mọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò sọ fún onídìrí bóyá irun náà tètè ń mu omi tàbí omi ń yọ̀ lórí rẹ̀, èyí sì ni ohun tó nílò jù.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù tí kò bá a mu

Ti ẹ̀bá ibi iṣẹ́ kò gba àlàyé. Kò sí omi níbẹ̀ rárá; ilé ni oníbàárà ti ń fọ orí wá. Ṣọ́ọ̀bù tí kò lè fọ irun kò lè tọ́jú irun kíká, bí ìdirí wọn ti wù kó gún tó.

Ìkejì wà ní Ìjàpọ̀. Pátákó rẹ̀ ńlá, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé irun àdánidá ni iṣẹ́ àwọn, ìgò olówó ńlá sì tò lọ bẹẹrẹ. Wọ́n fi omi fọ́n irun, èyí dára. Ọ̀gá wá fọwọ́ kan àtàrí, ó ní, “Àǹtí, irun yín yìí mà le o. Ẹ jẹ́ ká fi ìpara kékeré kan rọ̀ ọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Kì í ṣe rilásà.” Rilásà ni. Ohun tó tú u fó ni pé ọmọ iṣẹ́ ti ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ti ń fi fasilíìnì pa ẹ̀bá iwájú orí àti etí, wọ́n sì ti gbé ṣampú tí wọ́n fi ń pa agbára rilásà jáde. Òórùn rẹ̀ náà ń ta ni nímú. Ìpara tí wọ́n bá ní kò gbọdọ̀ pẹ́ lórí, tí awọ orí nílò ààbò kí ó tó kàn án, kì í ṣe ìpara ìtọ́jú. Irú rẹ̀ sábà máa ń ní pH (òǹkà tó ń sọ bóyá nǹkan kan bí ọsàn tàbí ó ta bí omi eérú) 12 sókè, nígbà tí ti awọ orí wà ní nǹkan bíi 5.5. Ká ní wọ́n fi sí i, irun tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ yóò ká, èyí tó wà lókè yóò tọ́, ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé ni yóò sì máa kán. Oníbàárà sanwó omi tí wọ́n fọ́n, ó sì dìde.

Ìkẹta jẹ́ ti ọ̀dọ́bìnrin kan nítòsí ẹnubodè gúúsù FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́. Ẹnu rẹ̀ mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ: omi, lẹ́yìn rẹ̀ òróró, lẹ́yìn rẹ̀ ìpara. Ó kọ́ ọ lórí fóònù, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tó mú òòyà, òòyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ìrù ló mú, èyí tí a fi ń la ojú irun, gbòǹgbò ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Kókó kékeré mẹ́ta tó wà lọ́nà á di ẹyọ kan ńlá nísàlẹ̀, òòyà á fà á já. Áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kò ní ibi tí a ti ń dín iná kù. Ó gbọ́ràn nígbà tí oníbàárà ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó, inú rẹ̀ kò sì bà jẹ́. Ẹni tó ṣeé kọ́ ni. Ẹni tó bá ní àkókò láti kọ́ ọ lè dúró tì í. Orí tó ti ń pá kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà kan tó ń kó irun lówùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba ló tẹ̀ lé e, nípa rẹ̀ sì ni ó yẹ ká dúró díẹ̀. Wọn kì í kúkú ki Ọ̀ṣun ní olóòyà iyùn lásán. Iṣẹ́ àgbà ni orí ṣíṣe. Láàárín wákàtí kan, ìyá náà fi òwú dúdú na irun tó ti sún kì sí sẹ̀ǹtímítà 5 padà sí gígùn rẹ̀, láìsí iná, láìsí ariwo jẹnẹrétọ̀. Kò sí dráyà tó lè ṣe é kó má ba nǹkan kan jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àléébù méjì ló wà: ìyí òwú ìsàlẹ̀, tó wà lára awọ orí, le jù, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá kì í fọ orí. Oníbàárà mú ìmọ̀ òwú lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ń wá ẹni tí yóò fi omi kún un.

Bí wọ́n ṣe rí ẹni tó mọ̀ ọ́n

Títí di ìgbà yẹn, onídìrí ni ó ń wò. Ó yí i padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tí wọ́n dì lórí. Kì í ṣe lọ́jọ́ tí irun tuntun ń dán, torí gbogbo irun ló máa ń wuyì lọ́jọ́ kìíní, gbogbo àwòrán WhatsApp sì jẹ́ ti ọjọ́ kìíní. Ẹ̀bátí àti ẹ̀bá iwájú orí ni ó ń wò, ní ọjọ́ tí irun bá wà ní títú. Níbi iṣẹ́ àti nínú ìjọ, ó rí obìnrin mẹ́ta tí kò sí oṣù tí wọn kì í dirí, síbẹ̀ tí irun iwájú wọn kún dé etí. Ó bi wọ́n léèrè ẹni tó ń dì í. Méjì nínú wọn dárúkọ ẹnìkan náà, obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ méjì.

Kó tó lọ, ó pè é lórí fóònù. Àwọn ìbéèrè rẹ̀ kò ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ nínú. Ṣé ẹ máa ń fọ orí, níbo sì ni omi yín ti ń wá? Ṣé mo lè mú kọndíṣọ́nà mi wá? Ta ni yóò di iwájú orí mi, ẹ̀yin tàbí ọmọ iṣẹ́? Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, bó bá dùn mí, kí lẹ máa ń ṣe?” Onídìrí tó bá ní “Ẹ ó fara dà á ni, ẹwà kì í wá lófẹ̀ẹ́” ti dáhùn tán. Eléyìí ní, “Àǹtí mi, mo máa tú u ni. Bó bá ń dùn yín, èmi ni mo ṣì í dì.”

Ohun tó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ ìdánwò. Kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ńlá. Ó ní kó tú irun tó ti wà lórí fún ọ̀sẹ̀ 6, kó fọ̀ ọ́, kó sì lọ́ ọ ní méjìméjì, kò ju ẹyọ mẹ́wàá lọ. Irú iṣẹ́ yìí kò ní àtáṣìmẹ́ǹtì tí a lè fi bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré. Gbogbo ohun tó yẹ ní rírí ló wà nínú rẹ̀.

Àbámẹ́ta kan ní oṣù kejì, láti agogo 9

Ọ̀gá náà kò mú òòyà. Ó béèrè bí irun tòótọ́ ṣe gùn tó kó tó fi sísọ́ọ̀sì kan àtáṣìmẹ́ǹtì, ó sì gé e ní ìka mẹ́rin sísàlẹ̀ ibi tí irun parí sí. Ó po ṣíbí ìjẹun méjì kọndíṣọ́nà mọ́ omi nínú ike tí a fi ń fọ́n omi, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó tú u tán, ìdọ̀tí aláwọ̀ eérú yí gbòǹgbò ẹsẹ̀ irun kọ̀ọ̀kan ká: òróró orí, eruku ọyẹ́ àti irun tó ti re tí kò ríbi gbà. Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Bí irun 50 sí 100 bá ń re lójúmọ́, láàárín ọjọ́ 42 yóò di 2,100 sí 4,200, gbogbo rẹ̀ ló sì wà nínú ìdì náà. Ìyẹn ni àwọn èèyàn máa ń rí lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú irun, tí wọ́n á fi pariwo pé orí àwọn ti pá. Bí a bá da omi púpọ̀ sórí rẹ̀ nígbà yẹn, yóò lẹ̀ mọ́ra bí òwú ẹ̀gbọ̀n, sísọ́ọ̀sì nìkan ni yóò sì tú u. Ọ̀gá kò da omi. Ó fi àdín àgbọn kan ìdọ̀tí náà, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ fọ́, ó fi ìka ya irun sí méjì láti ṣóńṣó bọ̀ wá sísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó fọ́n omi ike náà, lẹ́yìn omi ló tó kan òòyà eléyín gbọ̀ọ̀rọ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di irun mú lókè kókó kí awọ orí má baà mọ fífà náà. Gbogbo èyí tó jáde ló tẹ́ sórí táwẹ́ẹ̀lì funfun, ó sì wò ó. Kó tó sọ ohunkóhun, oníbàárà ti mọ̀ pé òun ti dé ibi tó yẹ.

Ó pín orí sí mẹ́jọ, ó lọ́ ìpín kọ̀ọ̀kan wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí wọ́n má baà dàpọ̀ mọ́ra. Ó fi ṣíbí méjì àdín àgbọn pa gbogbo rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kó tó fọ̀ ọ́, torí àdín àgbọn wà lára àwọn òróró díẹ̀ tó máa ń wọ inú irun gan-an, kì í sì í jẹ́ kí omi fọ èròjà inú rẹ̀ lọ púpọ̀. Ṣampú, ìwọ̀n kan sí omi mẹ́ta, nínú ike ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́: ẹnu ike wọ àárín ẹsẹ̀ irun, awọ orí ni ṣampú ń bá, kì í ṣe ṣóńṣó. Ìgbà méjì ló fọ̀ ọ́. Ìkíní kò hó púpọ̀, ìkejì hó. Orí wà lẹ́yìn, omi ń ṣàn láti gbòǹgbò lọ sísàlẹ̀. Kò kó irun jọ sí àárín orí kí ó máa fi ọwọ́ rún un bí ẹni ń fọ aṣọ, èyí tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni kókó tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kọndíṣọ́nà, ṣíbí ìjẹun kan tó kún fún ìpín kọ̀ọ̀kan. Náílọ́ọ̀nù bo orí. Iná kò sí lọ́jọ́ náà, ó sì lè jẹ́ ohun tó dára jù nìyẹn: ó rẹ táwẹ́ẹ̀lì sínú omi gbígbóná, ó fún un gbẹ, ó wé e lé náílọ́ọ̀nù fún ìṣẹ́jú 25, ó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín. Ooru náà ń ran kọndíṣọ́nà lọ́wọ́ láti tàn ká. Omi tútù ló fi ṣan án, ó sì fi ògbólógbòó singilẹ́ẹ̀tì tẹ omi rẹ̀ kúrò dípò kó fi táwẹ́ẹ̀lì rún un.

Nípa òrí, àlàyé rẹ̀ kúrú: “Òrí kì í fún irun lómi, àǹtí mi. Ìdérí ìkòkò ni. Bí kò bá sí nǹkan nínú ìkòkò, kí lẹ fẹ́ dé?” Irun ṣì tutù nígbà tó fi ìpara olómi pa á, lẹ́yìn náà ló rún òrí tó tó ẹ̀pà kan fún ìpín kọ̀ọ̀kan láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí tó fi yọ́. Ó ní kí oníbàárà dín ọṣẹ dúdú kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ọṣẹ dúdú dára fún awọ orí tí ìdọ̀tí ti lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n pH rẹ̀ sábà máa ń kọjá 9, ó ń ṣí ìpẹ́ ara irun sílẹ̀, kọndíṣọ́nà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e láti pa á dé.

Sísọ́ọ̀sì ló kẹ́yìn, èyí tó jẹ́ ti irun nìkan, tí kì í gé òwú tàbí náílọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn tí ó lọ́ irun tán, ó gé sẹ̀ǹtímítà kan kúrò ní ṣóńṣó ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lára irun tó wà ní lílọ́, ibi tó ti ya sí méjì hàn gbangba, ó fẹ́lẹ́ ju ìyókù lọ. Irun kíká tó wà ní títú lè sún kì ju ìdajì gígùn rẹ̀ lọ, ẹni tó bá ń fojú díwọ̀n gé e yóò gé jù. Ó parí ní agogo 12 kọjá ogójì ìṣẹ́jú.

Èyí tó ṣì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n dì í pẹ̀lú àtáṣìmẹ́ǹtì. Wọ́n kó irun lówùú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, láìjẹ́ kí ìyí ìsàlẹ̀ le, oníbàárà fi aṣọ sátìn wé e sùn, irun sì ti tọ́ ní àárọ̀ kejì. Ọ̀gá di iwájú orí fúnra rẹ̀: irun oníbàárà nìkan ló fi bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn sẹ̀ǹtímítà 2 ló tó ń fi àtáṣìmẹ́ǹtì kún un díẹ̀díẹ̀, kí ìwúwo má baà wà lórí gbòǹgbò. Nígbà tí oníbàárà mìíràn dé, ó fi ẹ̀bátí òsì lé ọmọ iṣẹ́ àgbà lọ́wọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, oníbàárà kò lè fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Ní àárọ̀, ìléròrò márùn-ún ti yọ. Kò fi òróró olóòórùn pa á, kò sì dúró kó fúnra rẹ̀ rọ̀. Ó padà lọ ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá sì tú ẹsẹ̀ mẹ́rin láìgba kọ́bọ̀. Bí awọ orí bá dùn kọjá ọjọ́ méjì, tàbí tí ìléròrò bá yọ ní ìdí irun, gbòǹgbò ń jẹ̀yà. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, gbòǹgbò á kú, awọ ibẹ̀ á sì máa dán, irun kò ní hù síbẹ̀ mọ́. Kó tó dé ibẹ̀, ó ṣì ń padà.

Orí tún ń yún un káàkiri, ibi tí kò dùn pàápàá. Àtáṣìmẹ́ǹtì ló fà á. Omi tí wọ́n fi ń pa á nílé iṣẹ́ tó ń ṣe é kò bá awọ ọ̀pọ̀ èèyàn mu. Láti ìgbà náà ló ti ń rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná tí ó da fínígà díẹ̀ sí, títí ohun funfun fi máa léfòó, á ṣan án, á sì sá a gbẹ kó tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe rọrùn. Ọ̀gá nìkan ni yóò fọwọ́ kan iwájú orí. Kò sí ìdì tí yóò kọjá ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì yóò sì wà láàárín tí irun yóò kàn wà ní lílọ́. Ìtọ́jú tó ní èròjà púrótíìnì, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ 8, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, torí púrótíìnì tó bá pọ̀ jù ń mú irun gan bí igi gbígbẹ. Òòyà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n á sì rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ìwọ̀n Jíkì kan sí omi mẹ́wàá kó tó kan orí ẹlòmíràn. Èyí tó kẹ́yìn yìí, oníbàárà ló béèrè rẹ̀. Ọ̀gá kọ́kọ́ ranjú, ó ní kò sẹ́ni tó bi òun rí, lẹ́yìn náà ó rán ọmọ iṣẹ́ kí ó lọ ra Jíkì.

Ní oṣù keje, wọ́n wọn irun náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àtàrí ti kúrò ní 6, ó ti di sẹ̀ǹtímítà 9 àti ààbọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ṣóńṣó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Irun tó rẹ sínú omi ń nà, ó sì ń padà. Ẹ̀bátí ọ̀tún ti kún. Ti òsì, àyè kan tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò ṣì fẹ́lẹ́, irun tó ń yọ níbẹ̀ rọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́, awọ rẹ̀ kò sì dán. Dókítà awọ ara wò ó, ó ní kí wọ́n má fà á rárá. Ẹsẹ̀ irun méjì ni ọ̀gá ń fi sílẹ̀ láìdì níbẹ̀ báyìí, á fi omi àti òrí díẹ̀ tẹ́ wọn sẹ́yìn etí.